Apá Kan Etí, Ẹsẹ̀ Ńkọ́?

Ní gbogbo Mọ́kọ́lá, kò sí ẹni tí kò mọ Àrìnpé aránṣọ. Kì í ṣe pé òun nìkan ni aránṣọ tó wà níbẹ̀ o, wọ́n pọ̀ lọ súà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ má sì rò pé ọmọ ọwọ́ ni mò ń wí. Títílọpẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ìyá rẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ lójú títì. Àrìnpé á pọ̀n ọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Á pọ̀n ọ́n lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀. Ìgbà tó bá jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ nìkan ló ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyẹn náà, ìdí máṣíìnì ni ọmọ yóò jókòó sí.

Mùsílímátù, tí ilé tirẹ̀ kọjú sí tiwọn, kò lè mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àrìnpé, lọ́jọ́ tí ọmọ yìí bá ń lọ ilé ọkọ, ṣé ẹ̀yìn rẹ náà ló máa gbà débẹ̀?"

"Bí ọkọ ọ̀hún kò bá tóbi jù, màá pọn òun náà," ni Àrìnpé dá a lóhùn. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn. Obìnrin náà lẹ́nu, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti ìgbà tó ti wá kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Theophilus, akọ̀wé ní rélùwéè, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè, gbìyànjú títí. Ó ní, "Ìyá Títí, sọ ọmọ yìí kalẹ̀ kó rìn, jọ̀ọ́." Àrìnpé ní, "Bàbá Títí, ṣé ẹ̀yìn yín ni mo fi pọ̀n ọ́n?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. Theophilus gbé ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ń kà á lọ.

Ẹ má tíì dá Àrìnpé lẹ́bi. Nígbà tí Títílọpẹ́ wà lọ́mọ ọdún méjì ààbọ̀, òtútù àyà mú un, ó kù díẹ̀ kó gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àrìnpé fi sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ nílé ìwòsàn, tó ń gbọ́ bí èémí ṣe ń há mọ́ ọmọ náà láyà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ ilé, nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó rẹ ọmọ yìí o. Ẹ máa pọ̀n ọ́n fún ìgbà díẹ̀."

Fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò sọ iye ọjọ́ tó wà nínú ìgbà díẹ̀, Àrìnpé náà kò sì béèrè. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta, ìgbà díẹ̀ ọ̀hún kò tíì tán. Nọ́ọ̀sì yẹn á ti gbàgbé pé òun sọ bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá òun gan-an ti bímọ, tí ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri àdúgbò. Ṣùgbọ́n Àrìnpé di ọ̀rọ̀ náà mú bí òfin Mósè.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó máa ń rẹ ọmọ náà. Bó bá bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré dé ìdí ẹ̀rọ omi, èémí á kúrú, á jókòó sílẹ̀, á la ẹnu. Àrìnpé ń rí i, àyà rẹ̀ a sì já. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà rẹ̀, kó sọ ọ́ síta. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pe Títílọpẹ́ ní olójòjò, gbogbo àdúgbò á gbọ́ ọ dé Sábó. Ọmọ ẹni kò sáà ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí tí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi dé. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961 ni, òmìnira kò tíì pé oṣù mẹ́rin, gbogbo ìyá ló sì fẹ́ kí ọmọ tòun di èèyàn ńlá. Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí ti kún fọ́fọ́. Wọ́n ní àyè ṣì kù ní ọ̀kan lọ́nà Bódìjà, níbi tí ìjọba kọ́ ilé tuntun sí, ó tó máìlì méjì sí ilé wọn. Bí wọn ò bá gba Títílọpẹ́ níbẹ̀, ó di àmọ́dún nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ, yóò wá ku òun nìkan nídìí máṣíìnì. Kí wọ́n tó gba ọmọ rárá ni Àrìnpé ti rán yunifọ́ọ̀mù fún un.

"Bí wọn ò bá gbà á ńkọ́?" ni Theophilus béèrè.

"Wọ́n máa gbà á. Ṣé ẹ rò pé mo fi aṣọ ṣeré ni?"

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ wọlé láyé ìgbà yẹn. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Wọ́n á ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba àtàrí, kó fi kan etí òsì. Bó bá kàn án, ó ti tó. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa jẹ iyán sí i. Títílọpẹ́ kéré lára, nítorí náà odidi oṣù kan ni Àrìnpé fi kọ́ ọ, láràárọ̀, kí ọmọ tó jẹun. "Gbé ọwọ́. Nà án. Má tẹ orí o." Àwọn ìyá mìíràn ń kọ́ ọmọ wọn kí wọ́n dọ́gbọ́n tẹ orí díẹ̀. Àrìnpé ní ọmọ tòun kò ní fi èrú kan etí ara rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó pọ̀n ọ́n láti Mọ́kọ́lá títí dé iwájú tábìlì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ó tú ọ̀já, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ọ̀gá náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú, ará Èkìtì, ọkùnrin gbọọrọ tó wọ ṣòkòtò péńpé àti ìbọ̀sẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orúnkún, ń wò wọ́n. Títílọpẹ́ gbé ọwọ́, orí rẹ̀ dúró ṣinṣin, ìka rẹ̀ kan etí. Kódà, ó fà á.

"Ó kàn án, sà," ni Àrìnpé wí. Inú rẹ̀ dùn dọ́ba.

Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú wo ọmọ, ó wo ọ̀já tó wà lọ́wọ́ ìyá. "Apá kan etí, Màmá. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wo, sà?"

"Ẹsẹ̀ tó máa gbé e wá síbí lójoojúmọ́. Mo rí yín lókèèrè nígbà tí ẹ ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan dákú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí ìlà àárọ̀, ọ̀nà jíjìn ló ti ń rìn bọ̀. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Ṣé ara ọmọ yìí le?"

Inú bí Àrìnpé. "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ò bi àwọn tó wà níwájú mi léèrè ẹsẹ̀. Etí lẹ ní ká mú wá, etí la sì mú wá. Bó bá ṣe pé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí gbogbo ayé kà á."

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú kò bínú. Ó ní, "Ẹ mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ilé yín dé ibí. Bó bá rìn ín, màá kọ orúkọ rẹ̀. Bí kò bá lè rìn ín, ẹ jẹ́ kó di àmọ́dún."

"Á rìn ín," ni Àrìnpé wí. "Á tún rìn ín padà." Bí wọ́n ṣe yí igun ilé-ẹ̀kọ́ tán báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí wọ́n jáde. Mùsílímátù ń gbálẹ̀ lójúde, ó rí Títílọpẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó dúró ti òun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Àrìnpé ti ro gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti ká ọ̀já mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Ọmọ á rìn dé ibi tó bá lè rìn dé, òun á pọ̀n ọ́n, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí wọ́n dé, òun á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ mọ̀? Obìnrin tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi èrú kan etí nìyẹn o.

Wọn ò tíì gun òkè tó wà lọ́nà Bódìjà dé ìdajì nígbà tí èémí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Àrìnpé ti tú ọ̀já, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó yá, wá kí n pọ̀n ọ́."

"Rárá, Màámi. Mo fẹ́ jókòó."

"Jókòó kẹ̀? A máa pẹ́. Wá jàre, kò sí ẹni tó ń wò wá."

"Èmi ńkọ́?" ni Títílọpẹ́ wí. Ó lọ jókòó sí etí gọ́tà.

Àrìnpé ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́. Àwọn akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sẹkitéríàtì ń wò ó bí wọ́n ti ń kọjá. Ó nàró. Inú bí i, ó dùn ún, ẹ̀rù sì bà á jù méjèèjì lọ. Ẹ̀yìn tó fi gba ọmọ lọ́wọ́ ikú, ọmọ ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Bí èémí yẹn bá wá tán síbí, lójú títì, ẹnu wo lòun fẹ́ fi ròyìn fún bàbá rẹ̀?

Ó dúró lórí ọmọ náà, ó ń tẹ́tí. Èémí náà yára, ó tún yára, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àrìnpé kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ yìí wá, kí èémí ọmọ tó ráyè padà sípò ni òun ti máa ń gbé e. Títílọpẹ́ nu imú, ó dìde, ó ń lọ. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó kí wọ́n tó débẹ̀. Ìlà àárọ̀ ti tú, àwọn ọmọ ti wọ kíláàsì, wọ́n ń ka á, bí, dí kíkankíkan. Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ, eruku pupa ti bò ó dé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ta ló gbé ọ wá?"

"Èmi ni mo gbé ara mi wá, sà."

Ó gbé ojú sókè sí ìyá. "Kò rẹ̀ ẹ́ lọ́nà?"

Àrìnpé mọ ohun tó yẹ kí òun sọ bí òun bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ náà. Ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo Mọ́kọ́lá láti ọjọ́ yìí wá. Ó wo ọmọ rẹ̀, ọmọ ń wò ó.

"Ó rẹ̀ ẹ́, sà," ni ó wí. "Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdí tí a fi pẹ́ nìyẹn. Ọ̀la náà, ó máa rẹ̀ ẹ́, a óò yáa tètè kúrò nílé."

Ọ̀gbẹ́ni Adéróunmú wọlé, ó ṣí ìwé orúkọ, ó ki kálàmù bọ inú tàdáwà. Títílọpẹ́ ti wọlé tẹ̀ lé e, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀ fún un ketekete. Àrìnpé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi etí ìró nu ojú, ohùn rẹ̀ sì le kankan.

"Ẹ gbọ́ o, sà. Bó bá rẹ̀ ẹ́ níbí, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e. Ẹni tó bá gbé ọmọ yìí, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ máa fà á."