Irin Ọfà Tí Iná Kàn

Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, tàbí kí n lé díẹ̀, ní àsìkò tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí ń jókòó síwájú ilé kó máa pìtàn ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nígbà èwe ti mú kí n máa wo ẹ̀yìn bí arúgbó. Títí di òní, bí ewéko bá mì níbi tí kò sí atẹ́gùn, ẹsẹ̀ mi á ti dúró kí n tó mọ̀ pé mo dúró. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò ní fi kún un.

Ìlá ni ilé wa wà, ṣùgbọ́n oko ni bàbá mi máa ń gbé ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ìyá mi á rán mi lọ bá wọn kí n lè máa pọnmi, kí n sì máa sun iṣu. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń ní bàbá mi níbẹ̀, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò.

Lọ́dún náà, túùkú kan wọ oko wa. Ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó ni túùkú, fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹlẹ́dẹ̀ inú ilé wé e. Akọ ni èyí, ó máa ń dá rìn, eyín rẹ̀ sì yọ síta lápá méjèèjì ẹnu. Ó ń hú ebè iṣu bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Kò pẹ́ tó tún fi lé ìyàwó ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, obìnrin náà sì gun orí igi pẹ̀lú oyún nínú. Bàbá mi ní bí a bá fi ẹran náà sílẹ̀, ọjọ́ kan ni yóò pa ènìyàn.

Ọdẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu ìbọn ṣakabùlà wọn ti là, kò ṣeé yìn mọ́. Ohun tó kù ni ọrun tí bàbá wọn fi sílẹ̀, àti apó kan tó kún fún ọfà àtijọ́. Wọ́n mọ ọfà á ta dáadáa. Irin orí àwọn ọfà náà ni kò dára, gbogbo wọn ti dógùn-ún. Nítorí náà, wọ́n mú mi dání, a lọ sí àgbẹ̀dẹ ní Ìlá.

Bàbá alágbẹ̀dẹ yìí ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu wọn sì mú ju irin tí wọ́n ń rọ. Bàbá mi nawọ́ sí irin ọfà kan tí wọ́n fi há ògiri, tó fẹ̀ bí ewé kókò.

"Ẹ̀gbọ́n, irú èyí ni mo fẹ́. Bó bá fẹ̀, ojú ọgbẹ́ á fẹ̀."

Bàbá alágbẹ̀dẹ wo bàbá mi láti òkè délẹ̀. "Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa túùkú ni, àbí o fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ?"

Ìyàwó wọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ má bú mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́ mi ni."

"Awọ méjì ni túùkú ní," ni bàbá alágbẹ̀dẹ wí. "Èyí tí a dá mọ́ ọn, àti ẹrẹ̀ tó ń yí mọ́ra tó sì ń gbẹ. Irin tó bá fẹ̀ jù, orí ẹrẹ̀ ni yóò dúró sí. Èyí tó rí bí abẹ́rẹ́ á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò ní dà, ẹran á gbé e sá lọ kú sí oko ẹlòmíràn. Èyí tó rí bí ewé ata ni kí o gbà. Kó gùn, kó mú lójú méjèèjì, kí egungun àárín rẹ̀ nípọn. Ẹ̀yìn apá ni kí o ta á sí. Má ta á níwájú o. Bí ògiri ni àyà rẹ̀ rí."

Méjì ni wọ́n rọ lójú wa. Nígbà tí irin náà pọ́n bí epo, wọ́n rì í bọ omi, ó sì ké ṣíí. Wọ́n sọ nǹkan kan fún bàbá mi nípa omi náà, ṣùgbọ́n ìyàwó wọn ti pè mí síta pé kí n wá jẹ àgbàdo. Mi ò gbọ́ ọ.

A padà sí oko. Bàbá mi fi oje igi dúdú àti òwú de irin méjèèjì mọ́ igi ọfà. Ọ̀kan wọ́. Wọ́n ní kí n mú un súnmọ́ ẹ̀yinná, kí oje rẹ̀ yọ́, kí n fà á yọ. "Kí o mú un súnmọ́ ọn ni mo wí o," ni wọ́n sọ, wọ́n sì gba ọ̀nà odò lọ wo pàkúté wọn.

Mo mú un súnmọ́ iná bí wọ́n ṣe wí. Ó yọ, kò ṣòro. Ṣùgbọ́n oje ṣẹ́kù nínú ihò irin náà, ó dì pọ̀, kò sì ṣeé ha. Mo wá rò ó pé ṣebí inú iná ni bàbá alágbẹ̀dẹ ti yọ ọ́. Mo ju irin náà sáàárín ẹ̀yinná kí oje rẹ̀ lè jó tán, mo sì lọ bó iṣu. Nígbà tí mo rántí rẹ̀, ó ti pọ́n. Mo fi igi méjì gbé e jáde, mo tẹ́ ẹ sórí eérú, ó tutù díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó ti dúdú. Ẹ̀rù bà mí. Mo fi yanrìn fọ̀ ọ́, mo fi òkúta tí a fi ń pọ́n àdá pọ́n ọn. Kíákíá ló mú. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe tètè mú tó.

Bàbá mi dé, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. "O ṣeun, ọmọ mi. Wo bó ṣe ń dán." Wọ́n tún fi oje dè é mọ́ igi ọfà. Inú mi dùn. Mi ò sọ pé iná kàn án.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkùnrin tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà wá kí wọn. Bàbá mi na ọfà méjèèjì sórí ẹní, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan fá irun apá wọn. Èyí tí èmi pọ́n fá a mọ́ bí abẹ. Èkejì kàn ń fa irun náà tu ni.

"Èyí ni n ó kọ́kọ́ ta," ni bàbá mi wí.

"Ṣé ó mu omi dáadáa?" ni àlejò wa bi wọ́n.

"Ó mu omi. Ẹ̀gbọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kan iná mọ́ láéláé. Bí iná bá tún kàn án, òjé lásán ni. Ó lè mú o, ṣùgbọ́n tó bá kan egungun, á tẹ̀."

Igbá omi ni mo gbé lọ́wọ́. Mo dúró síbẹ̀. Mo la ẹnu. Ẹ̀yin ọmọ òní, ó lè má yé yín. A kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà méjì nígbà náà, pàápàá níwájú àlejò. Bàbá mi gbójú sókè.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, bàbá mi."

Mo ní tí àlejò bá lọ, n ó sọ. Nígbà tó lọ, mo ní ó di òwúrọ̀. Òwúrọ̀ dé, mo ní ó di ojú ọ̀nà. A dé ojú ọ̀nà, bàbá mi fi ìka lé ètè, nítorí pé ọdẹ kì í sọ̀rọ̀ bó bá ti ń tọ ẹran. Wọn kò mọ ìgbà tí wọn yóò padà, wọn kò sì lè fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ahéré, ìyẹn ni mo ṣe tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé mi gun orí igi kaṣú kan létí oko, wọ́n ní ohunkóhun tí mo bá rí, n kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Oòrùn ti yọ nígbà tí ẹran náà jáde. Ó ń hú ilẹ̀ lọ ní tirẹ̀, ó sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí bàbá mi. Wọ́n fa ọrun. Mo ń wo irin náà lẹ́nu ọfà, ó ń kọ mọ̀nà. Bí mo bá kígbe nígbà náà, ẹran á sá lọ, ìyà díẹ̀ ni n ó jẹ, ó parí. Mi ò kígbe.

Ẹ̀yìn apá gan-an ni ọfà náà bà á, níbi tí bàbá alágbẹ̀dẹ wí. Mo rí i tó kàn án, mo sì rí i tó já bọ́ sílẹ̀. Túùkú náà yíjú padà. Bàbá mi ń wá ọfà kejì nínú apó, wọn ò tíì fà á yọ tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó gbé wọn ṣubú. Eyín rẹ̀ ya itan wọn láti orúnkún lọ sókè. Ó padà lọ, ó tún wá. Wọ́n di ọrun mú ní ìbú, wọ́n fi ń tì í sẹ́yìn bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Wọn kò pe orúkọ mi. Mo rò pé wọn ò fẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan wà lórí igi.

Èmi di igi mú. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ìtọ̀ bọ́ lára mi, ó ń kán sórí ewé. Mi ò mọ ìdí tí ẹran náà fi fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó lé e. Ó kàn lọ ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi ìró mi di itan wọn, mo sáré lọ pe ọkùnrin oko kejì. Ó pọ̀n wọ́n dé ojú ọ̀nà ọkọ̀, a sì gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà. Ọjọ́ púpọ̀ ni a kò fi mọ̀ bóyá wọn á yè é.

Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn ọdẹ wá kí wọn, bàbá alágbẹ̀dẹ sì wà láàárín wọn. Àwọn ọdẹ ti mú ọfà náà wá láti oko. Irin rẹ̀ ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Àwọn ènìyàn ti ń sọ kiri pé irin bàbá alágbẹ̀dẹ kò dára mọ́, inú sì ń bí bàbá náà. Wọ́n gbé irin náà sójú oòrùn, wọ́n fi èékánná ha á.

"Irin tèmi kọ́ nìyí. Iná ti kan irin yìí. Ta ló fi í sínú iná?"

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá mi wò mí, kò pẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́jú.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ jó oje rẹ̀ kúrò."

"Ìwọ? Ọdẹ, ọmọ ọdẹ?"

"Èmi ni."

"Kí o kúkú fi iyọ̀ sí i, kí o jẹ ẹ́ pẹ̀lú iṣu," ni ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ wí, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Asunfàjẹ ni wọ́n ń pe bàbá mi ní àdúgbò wa. Wọ́n ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n ń tiro lọ tiro bọ̀ títí wọ́n fi kú. Wọn kò bi mí léèrè rí. Èmi náà kò sì sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, ọ̀rọ̀ náà á dé ọ̀fun mi, á padà.

Ayé ti yí. Oko kaṣú ló gba gbogbo igbó ọjọ́ náà, n kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun rí túùkú mọ́. Àwọn ọmọ ti ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, àwọn ẹgbẹ́ mi a sì máa bínú sí wọn. Èmi kì í bínú. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́ tán.

Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Kánádà. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ó pè mí lórí fóònù tí a fi ń ríra, ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ fi ọrun àtijọ́ dọdẹ béárì, irú béárì tí a kà nínú Bíbélì pé Dáfídì pa. Ó ṣí páálí kékeré kan tí irin ọfà wà nínú rẹ̀. "Màmá, ẹ wò ó. Olójú méjì nìyí, olójú mẹ́ta nìyí. Èwo lẹ bá mú? Ṣebí ọmọ ọdẹ ni yín." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní ètò ti parí. Mo wá sọ ohun tí ẹ kà tán yìí fún un, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Màmá, ilé iṣẹ́ ńlá ló ṣe èyí. Ẹnikẹ́ni kò fi í sínú iná."

Òótọ́ ló sọ. Mo ní kó mú olójú méjì, kí egungun rẹ̀ nípọn, kó má ta á níwájú.

Ó ní kò sí nẹ́tíwọ̀kì nínú igbó wọn. Ọjọ́ kẹta nìyí tí mo ti ń pè é. Nígbà èwe mi, orí igi ni mo wà, mi ò lè ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ń rí bàbá mi. Nísinsìnyí, mi ò rí ẹnikẹ́ni.