Ojúde Ni Kí Omi Kọ́kọ́ Dé

Kí a tó kúrò nílé ní Whitby, ní Kánádà, láàárọ̀ Sátidé, mo ti pọn omi kún garawa méjì. Bísí, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀, ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Mummy, omi ibí kì í lọ o." Mo ní kò burú, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Toronto. Adágún ńlá wà lápá òsì wa, omi lọ súà, àmọ́ ilé ni ọkàn mi wà. Orí òkè ni àwọn obìnrin ìlú wa ti ń pọn omi. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ti wá ra páìpù tí yóò gbé e sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń jà lórí ibi tí yóò kọ́kọ́ dé: ṣé ilé àwa tí ọmọ wa dáwó ńlá ni, àbí ojúde ọjà. Ìbò ti pín sí méjì ọgbọọgba. Èmi nìkan ló kù, wọ́n sì ń retí mi lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Torí páìpù yìí náà ni Bísí ṣe mú mi lọ sí mùsíọ́mù tí wọ́n ti ń fi ọ̀nà omi ayé àtijọ́ han èèyàn. Bàbá ará Ítálì kan tó ń gbé Woodbridge ló mú wa kiri. Akuedọ́tò ló ń pè é, ìyẹn ọ̀nà tí omi fi ń ti orí òkè wọ ìlú Róòmù. Abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà jù. Bó bá kan àfonífojì, wọn a mọ òpó òkúta gbé e kọjá. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Ọ̀nà náà kàn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, omi sì ń bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo ní kí Bísí bá mi bi í pé bí omi ò bá tó, ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé tiẹ̀.

"Ti ilé àwọn ọlọ́lá," ni bàbá náà wí. "Ti ojúde, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọn, ni wọ́n máa ń gé kẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà kọ́lékọ́lé wọn ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Bóyá wọ́n tẹ̀ lé e, n ò lè búra."

Níta, a ra omi inú ike kékeré kan ní dọ́là mẹ́ta. Mo mu díẹ̀, mo sì dé e padà. Alhaja Ràṣídà ni mò ń rò, aládùúgbò mi tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, tí kò lọ́mọ lókè òkun, tó ṣì ń gun òkè yẹn.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a bá padà, Bísí wo ojú mi. "Mummy, ẹ má dìbò fún ọjà o. Eékún yín ńkọ́? Torí yín ni mo ṣe dáwó yẹn."

Ó dùn mí, torí òótọ́ ló sọ. Nígbà tí fóònù dún, mo ní ojúde ọjà ni mo fara mọ́.

Bí a ṣe délé, Bísí yára ṣáájú mi wọlé. Ó lọ sí bálùwẹ̀, mo bá a tó gbé ọ̀kan nínú garawa mi, tó ń wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́.

"Ṣé ọjà yẹn jìnnà sílé?"

"Kò jìn tó òkè," ni mo dá a lóhùn.