Ọkùnrin Tó Dúró Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kìnnìún

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Piroska ní òǹrorò, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Èmi ni mò ń fọ gíláàsì wáìnì ní gbọ̀ngàn tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́, ìṣojú mi kòró ló ṣe.

Tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ni Piroska ń wà ní Budapest níbí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde lọ ya afárá àti ààfin tí wọ́n tan iná sí lára. Dezső ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ló ní, á lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún olókùúta tó wà lẹ́nu afárá, á máa ka oókan, eéjì, títí dé ogójì láìmira, nítorí fótò alẹ́ kì í yára mú nǹkan. Ẹni tó bá ń rìn kọjá kì í hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró gbọin nìkan ló ń hàn.

Nígbà tí Dezső kú, Ottó tó kọ́ṣẹ́ fótò lọ́dọ̀ Piroska wá bá a dárò. "Mama, ẹ kó àwọn fíìmù fótò yín wá kí n bá yín tọ́jú wọn." Ó kó wọn lọ tán, ó di "fíìmù wo?" Ká tó wí, ká tó fọ̀, fótò afárá tí Piroska yà ti jáde lórí kàlẹ́ńdà, orúkọ Ottó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Olè gbáà! Mo ní kí Piroska lọ pariwo.

"Jẹ́ kó gun òkè ná," ó ní. "Ẹni tó jókòó sílẹ̀, ibo ló fẹ́ ṣubú sí?"

Ottó gun òkè lóòótọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn kìíní níbi ìdíje fótò, wọ́n gbé fótò náà kọ́ sí gbọ̀ngàn wa, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Piroska wọ kóòtù dúdú tó fi sin ọkọ rẹ̀ wá.

"Ottó, o kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lo yà á?"

"Oṣù kẹjọ èṣí, Mama."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Àwọn adájọ́ pàápàá kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀dá kan lórí afárá."

"Kí wá nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kìnnìún?"

Ó wò ó fìrí. "Òpó ni."

Piroska fa awò tó ń mú nǹkan tóbi yọ nínú báàgì, ó nà án sí olórí adájọ́. Ìyẹn tẹjú mọ́ ọn: ọkùnrin kan tó dé fìlà ni, apá kóòtù rẹ̀ kan ṣófo.

"Ọkọ mi nìyẹn. Ìwé ikú rẹ̀ rèé, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ottó, ṣé òkú ló wá dúró fún ẹ ni?"

Ottó di apá kóòtù Piroska mú. "Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ nílé."

"Ta ló kù nílé? Bó ò bá fẹ́ kí n ké sí ọlọ́pàá, lọ dúró ti òpó rẹ níbẹ̀ yẹn, kí n yà ẹ́. Má mira o."

Ó gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ní kí wọ́n dín iná kù, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí dé ogójì. Gbogbo wa ń wò. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn.

Fótò tó yà lálẹ́ ọjọ́ náà wà ní pálọ̀ rẹ̀ títí dòní. Kìnnìún hàn, Dezső hàn kedere. Ottó gbọ̀n débi pé kò lójú, kò nímú.