Ọkọ̀ Wa Tó Ń Mu Epo Bí Ẹni Mu Omi

Nígbà tí owó epo bẹntiróòlù fò sókè, tí gbogbo Warri ń pariwo, ọkọ mi ní ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju tiwa lọ ló yẹ ká rà. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan la ní, tí a fi ń kó èrò àti ẹrù láti etí omi lọ sí àwọn abúlé ìsàlẹ̀ odò. Òun ló ń wà á, èmi ni mò ń gba èrò, tí mo sì ń to ẹrù.

Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹni tí ebi ń pa kì í lọ ra ikùn kejì."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbà. Lójú tirẹ̀, eré ni èrò ń fẹ́. Bí ọkọ̀ míì bá ti fẹ́ kọjá wa, á fún ẹ́ńjìnnì níná títí imú ọkọ̀ á fi nà sókè bí ti ajá tó ń gbóòórùn ẹran. Gbogbo ẹrù á rọ́ sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á máa wa omi bí ọkọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń darí bọ̀ sí Warri, omi sì ń fà lọ sí òkun, ìyẹn ni pé à ń bá a jà. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Epo ti tán. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n ẹja sórí itan wò wá látòkèdélẹ̀.

"Driver, so na here we go sleep?"

Ọkọ mi mú àjẹ̀, èmi náà mú àjẹ̀. Apá wa kò ká a. Gbòǹgbò igi ẹ̀gbà létí odò la dì mú títí ọlọ́kọ̀ kan fi yà, tó bù nínú epo tirẹ̀ fún wa. Ojú tì mí, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Ìrìn àjò tó ń bọ̀, èmi ni mo máa wa ọkọ̀ yẹn."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Èmi ni o."

Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu. Ọmọ apẹja Ìlàjẹ ni mí, inú ọkọ̀ tí bàbá mi ń fi àjẹ̀ wà ni mo dàgbà sí. Bàbá mi kì í bá omi jà. Bí omi bá ń lọ síbi tí òun kò lọ, á jókòó sórí ìdí ọkọ̀, á máa tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní omi á yí padà, apá òun ni kò ní àfidípò.

A fa ọkọ̀ gun orí ẹrẹ̀, a dojú rẹ̀ dé. Ìkarahun wẹ́wẹ́ àti ewéko omi ti bo abẹ́ rẹ̀, ó rí págunpàgun. Mo fi ọ̀bẹ àti kànrìnkàn ha á títí ọwọ́ mi fi bó. Irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń ti ọkọ̀ síwájú, ti ká létí, nítorí náà mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan ní Jakpa Road, ó nà án tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣí pákó ilẹ̀ ọkọ̀. Okùn tó ti jẹrà, ìdákọ̀ró tó ti kán, omi tó ti dá rogún síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ la ti ń sun epo gbé kiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, mo to àpò gaàrí sí àárín, mo ní kí àwọn tó sanra bọ́ síwájú díẹ̀. Mo dúró kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí à ń lọ, kí n tó ṣíkọ̀. Mo fún ẹ́ńjìnnì níná dáadáa títí ọkọ̀ fi gorí omi, tó tẹ́jú, mo wá dín iná kù. Ọkọ̀ míì fò kọjá, ó fọ́n omi sí wa lára. Ọkùnrin kan lára àwọn èrò wa kígbe láti ẹ̀yìn:

"Madam, abi na burial we dey go?"

Mo ní, "Oga, na village you dey go, you go reach."

Ọkọ mi jókòó tì mí, ọwọ́ rẹ̀ kò gbé jẹ́ẹ́, àmọ́ kò fọwọ́ kan nǹkan kan. A pẹ́ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn náà ni. Nígbà tí a fi máa já ẹrù, tí a jẹun, omi ti ń kún bọ̀, òun ló sì bá wa ti ọkọ̀ dé Warri.

Ọkọ mi gbé kẹ́ẹ̀gì epo, ó mì ín, ó ṣí i, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó tún mì ín.

"Ó ṣẹ́ kù tó báyìí?"

"Ṣé kí n da á nù ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ ẹ́ńjìnnì ńlá mọ́. Ní báyìí, bí àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ráhùn epo, òun ló máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa to ẹrù, bíi pé òun ló hùmọ̀ rẹ̀. Èmi á máa to ẹrù tèmi lọ. Ìyẹn kò kàn mí mọ́, torí èmi náà ń wa ọkọ̀ báyìí, àwọn èrò kan sì wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tèmi ni wọ́n máa ń dúró dè.