Ìyá Ọmọ Inú Àwòrán

Ní ìgbà tí èmi ń dàgbà ní Peckham nílùú òyìnbó níbí, wáyà iná ló ń tọ́ ọmọ nílé wa. Kì í ṣe wáyà tó ń gbé iná o. Wáyà áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan tó ti bàjẹ́ ni. Bàbá mi gé e kúrò, wọ́n ká a po méjì, wọ́n sì fi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí ẹ̀yin ọmọ ìwòyí bá gbọ́, ẹ ó ní ìyá àgbà yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́. Àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn itan mi títí di òní, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wá wò ó. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì bàbá mi, ọrùn ẹ̀wù wa ni wọ́n fi ń dì mú kí a má baà sá.

Alápatà ni bàbá mi, ní ìsọ̀ ẹran kan ní Rye Lane. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ẹran ni wọ́n ń gé, eegun ni wọ́n ń fọ́. Òórùn ẹ̀jẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀wù wọn, bó ti wù kí ìyá mi fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. N kò ní purọ́ mọ́ òkú: wọn kì í mutí, wọn kì í fi ìrun ṣeré, wọn kò sì jẹ́ kí ebi pa wá rí. Ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ń na àwọn náà. Àwọn ọmọ òyìnbó tó fá orí, tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú, a máa tutọ́ sí wọn lára nínú bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, wọ́n fi ìgò la bàbá mi lórí nígbà tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kò sì sí ẹni tó mú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi kò lè dá ìyà náà padà lóde, nítorí náà wọ́n á gbé e bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n máa ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, àwa méjì péré sì ni wọ́n bí.

Bí Iléyá bá dé, àwọn ọkùnrin àdúgbò a kó ara wọn lọ sí oko òyìnbó kan ní Kent láti pa àgbò, bàbá mi ni wọ́n sì máa ń fa ọ̀bẹ lé lọ́wọ́. A máa ń bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú. Bàbá mi á dá àgbò dùbúlẹ̀, wọ́n á kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì, wọ́n á gbé orúnkún lé e, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ojú rẹ̀. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹran rí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dárúkọ Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ á sì tú yàà sórí koríko. Mo máa ń wò ó pé àgbò rí àánú díẹ̀ gbà, torí àwa máa ń rí wáyà tiwa kó tó balẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ìyá mi ń ṣe, ní ilé àwòrán kan ní ọ̀nà Forest Hill. Ilé ńlá ni, tí wọ́n kó àwọn àwòrán tí àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ fi ọ̀dà yà sí. Kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò ni ìyá mi á ti gbálẹ̀ tí wọ́n á ti nulẹ̀. Bí iléèwé bá wà ní ìsinmi, tí kò sí ẹni tí wọ́n lè fi wá sílẹ̀ fún, wọ́n á mú wa dání, a ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n á ní ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan, àwọn á gé ọwọ́ náà. Ìhàlẹ̀ lásán ni. Ìyá mi kò na ẹnikẹ́ni rí.

Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí ìyá mi fẹ́ràn ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ìtàn Ànábì Ibrahima ni, lọ́jọ́ tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó náà gbé orúnkún lé apá ọmọ, ó ti fi aṣọ funfun dì í lójú, ó na ọ̀bẹ sókè. Ọmọ náà la ẹnu, ẹ ó rí eyín rẹ̀, ẹ ó rí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe le. Àgbò wà lọ́ọ̀ọ́kán nínú igbó, ó kéré, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò lè rí i. N kò rí màlékà kankan ní tèmi. Isaac ni wọ́n kọ sára ògiri pé ọmọ náà ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, Ismaila ni. Ìyá mi ní kí a yé jiyàn, ọmọ ni, wọ́n sì ti dè é lójú. Wọ́n á dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbàgbé ara wọn. Ẹ̀rù àwòrán náà ń bà mí, n kò mọ ohun tí èèyàn fi ń fẹ́ràn irú rẹ̀.

Obìnrin òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣàlàyé àwòrán fún àlejò. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó tètè dé, ó ń dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ níwájú àwòrán tí ìyá mi fẹ́ràn, bí ọmọ iléèwé tó ń há nǹkan sórí. Ó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gba apá òsì wọlé, ó ń sọ bí wọ́n ṣe po ọ̀dà pupa. Ìyá mi fi igi ìnulẹ̀ ti ògiri. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì wọn tó ń tiro sọ fún un pé aṣọ ojú yẹn, torí kí ọmọ má baà rí ọ̀bẹ ni, bí a ti ń ṣe fún àgbò nìyẹn, àti pé ẹni tó ya àwòrán yìí ti dúró ti ẹni tó ń pa ẹran rí. Wọ́n wá bi í léèrè pé ìyá ọmọ náà dà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ayàwòrán kò nílò ìyá níbẹ̀. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń kọjá, ó sọ fún un pé eruku nìkan ni irú àwọn báyìí mọ̀ ọ́n wò. Ó rò pé a ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó di ẹ̀ṣẹ́. Ìyá mi kàn wò ó lójú, ẹ̀gbọ́n mi sì tú ẹ̀ṣẹ́ náà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá mi ra àwòrán náà ní kékeré, irú káàdì tí wọ́n ń tà fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ibi tí àṣìṣe ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Bàbá mi kò gba àwòrán ẹ̀dá kankan láyè nínú ilé, wọ́n ní màlékà kì í wọ ilé tí àwòrán bá wà. Ìyá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rò ó pé ànábì Ọlọ́run ló wà lórí káàdì yìí. Kò ní dára kí àwọn tì í bọ àárín ìró àti yẹ̀rì, kò ní dára kí àwọn fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí èèyàn ń sùn lé. Ibi tó tọ́ sí ànábì ni wọ́n wá fún un. Wọ́n fi sáàárín ìwé kéwú ẹ̀gbọ́n mi, lórí pẹpẹ, níbi tí a kì í gbé nǹkan mìíràn sí. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni bàbá mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi ké kéwú fún àwọn. Ó ṣí ìwé, káàdì sì já bọ́ sórí ẹní. Bàbá mi mú un, wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn.

“Ta ló fi èyí sínú ìwé Ọlọ́run?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo káàdì náà. Ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rí ojú ìyá mi, ó sì yé e. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni.

“Èmi ni, sà.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Wáyà àkọ́kọ́ bà á ní èjìká, ẹ̀wù rẹ̀ ya. Ìkejì bà á létí, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó fẹ́ sá sábẹ́ tábìlì, ọwọ́ òsì bàbá mi sì gbá a mú lọ́rùn, wọ́n wọ́ ọ jáde. Wọ́n nà án títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó ń ta gìrì, wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n gbé orúnkún lé apá rẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ òsì bo ojú rẹ̀. N kò rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọwọ́ wọn ti mọ́ iṣẹ́ ni. Èmi wà lẹ́yìn àga, mo ti tọ̀ sára, mo sì ń wo àwòrán ọ̀nà Forest Hill lórí ilẹ̀ pálọ̀ wa. Bàbá wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí wọ́n máa ń dúró sí nígbà gbogbo, tí wọ́n á máa sunkún, tí wọ́n á máa bẹ̀bẹ̀ láti òkèèrè.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n wọ inú pálọ̀ wá.

“Dádì, ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ni ín.”

Bóyá bàbá mi gbọ́, bóyá wọn kò gbọ́. Wáyà ń bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí ìyá mi na ọwọ́ ọ̀tún sí i, wáyà sì wé mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́. Bàbá mi fà á. Ìyá mi kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá mi wá fi gbogbo agbára tí wọ́n fi ń fọ́ eegun màlúù fà á, ọwọ́ ìyá mi sì lu etí tábìlì. Mo gbọ́ bí eegun náà ṣe dún. Ọmọ alápatà ni mí, mo mọ bí eegun ṣe ń dún. Síbẹ̀ ìyá mi kò jọ̀wọ́ wáyà. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kejì wọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́ra, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fa tẹ̀súbáà, pé àwọn ni àwọn ni ín, àwọn ni àwọn ni ín. N kò mọ̀ mọ́ bóyá káàdì ni wọ́n ń sọ tàbí ọmọ.

Ní ọsibítù, ìyá mi ní àwọn yọ̀ ṣubú. Dókítà wo àmì wáyà, ó wo bàbá mi, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àlùfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú ló bi bàbá mi. Bàbá àgbàlagbà ni, ohùn wọn kì í ga. Bàbá mi ló gbé káàdì náà lọ bá wọn kí wọ́n lè dá àwọn láre. Àlùfáà wò ó pẹ́, wọ́n ní àwọn náà kò fẹ́ kí èèyàn máa ya ànábì, àwọn kò ní gbé irú rẹ̀ kọ́ ilé àwọn.

“Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní kí bàbá sọ ọ̀bẹ sílẹ̀. Ta ló ní kí ìwọ gbé tìrẹ?”

Nígbà tí bàbá mi délé, wọ́n yọ wáyà, wọ́n yọ ìṣó, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù. Wọn kò bẹ ìyá mi ní ìṣojú mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bàbá mi ló ń fún omi kúrò lára aṣọ tí ìyá mi bá fọ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò nà tán mọ́. Ṣé mo ti dárí jì wọ́n? Lọ́jọ́ míì mo ti dárí jì wọ́n, lọ́jọ́ míì inú á tún bí mi bí ẹni pé àná ni.

Ayé ti yí. Lónìí, bí olùkọ́ bá rí àpá lára ọmọ, kó tó di ọ̀sán àwọn òṣìṣẹ́ káńsù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń gbọ́ tí àwọn òbí ń ráhùn pé ọmọ kò ṣeé bá wí mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ráhùn. Peckham náà ti yí. Níbi tí bàbá mi ti ń fọ́ eegun, kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí, wọ́n sì gbé àwòrán tí n kò mọ orí tàbí ìdí rẹ̀ kọ́ gbogbo ògiri. Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi kan tó lọ sí yunifásítì ti sọ fún mi pé àwòrán kì í ṣe ohun tí gbogbo èèyàn lè mọ̀, pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kó tó lè yé e. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí kọfí dà sí mi lára. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ ohun tí mò ń sọ fún yín yìí fún un. N kò ní ẹ̀kọ́ kò dára o. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn, òótọ́ ló sọ, mo ti padà lọ wò ó, apá òsì náà ni ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti rí ohun tó wà níbẹ̀ kí obìnrin náà tó la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n mi kò padà sí ilé àwòrán náà fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Bọ́ọ̀sì ló ń wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, a máa wà á kọjá níwájú ilé àwòrán náà láti Sydenham, kò sì yà rí. Ó bí ọmọ mẹ́ta, kò fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn. Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí a sin ìyá wa, ó ní kí n mú òun lọ.

Àwòrán náà ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ó dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Mo rán an létí ohun tí ìyá wa bi obìnrin òyìnbó náà láyé ọjọ́un, pé ìyá ọmọ náà dà.

“Àbúrò mi, ìyá ẹ̀ wà níbẹ̀, trust me. Ibi tá a dúró sí yìí gan-an ló wà, ó ń wò wọ́n.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí aṣọ funfun náà, sí ibi tí wọ́n ti so ó ní kókó, bí ẹni tó fẹ́ tú u. Ọ̀dọ́mọdé tó ń ṣọ́ ibẹ̀ pariwo pé kí bàbá má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́. Etí tí wáyà bà yẹn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sí lẹ́yìn àga mọ́. Mo na ọwọ́ òsì mi sí i, mo sì fà á mọ́ra.