Aṣọ Bẹ́ẹ̀dì Òtẹ́ẹ̀lì Kàlàbá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ogun abẹ́lé dé bá wa, tí ayé wa dàrú, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sá lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ kan tó kọjú sí èbúté ní Kàlàbá. Èmi ni alágbàfọ̀ wọn. Ìbọn ńlá dún láti ojú omi, ilẹ̀ mì, okùn aṣọ já. Mo ṣa àwọn aṣọ náà nílẹ̀, mo tún wọn fọ̀. Ẹ̀yin tí mo bí sí Agége níbí máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́, àmọ́ kí ni ǹ bá ṣe? Iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sá lọ, àwọn àlejò sá tẹ̀ lé e. Ó ku èmi àti Étìm, kúùkù wọn, ọmọ Ẹ́fíìkì. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ti dí, mi ò ríbi gbà délé. Nígbà tí ìrẹsì tán, Étìm ń se ewé gbágùúdá, èmi ló sì máa ń kọ́kọ́ bù fún. Onígbàgbọ́ ni, Mùsùlùmí ni mí. Ebi ò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn náà làwọn sójà ìjọba wọlé, wọ́n sọ òtẹ́ẹ̀lì di ibùdó, síbẹ̀ ìbọn ò dáwọ́ dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Étìm lọ pọnmi, àfọ́kù bọ́ǹbù bá a létí kànga. Kòtò kan làwọn sójà ń ju òkú sí, láìfi nǹkan kan bò wọ́n. Mo ní wọn ò ní ju Étìm síbẹ̀ lójú mi. Mo mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó funfun jù, mo fi dì í bí a ṣe ń di òkú Mùsùlùmí.

Ọ̀gá sójà kan, Yorùbá bíi tèmi, yọ sí mi.

"Ìwọ obìnrin yìí, ta ló fún ẹ láṣẹ? Aṣọ táwọn ọ́físà fẹ́ẹ́ sùn lé nìyẹn! Mú un wá!"

"Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló láṣẹ, sà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ tú u lára ẹ̀ fúnra yín."

Ó na ìbọn sí mi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ẹ̀rù lọ. Ó wo Étìm, ó wò mí, ó yí padà. Bóyá ó rántí pé ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Èmi ni mo gbẹ́ sàréè Étìm. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kú nítòsí wa, sójà ìhà yòówù tàbí ará ìlú, mo ń fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì dì í, mo ń sin ín.

Nígbà tí ogun tán, ìlú pa lọ́lọ́. Ọkọ̀ ojú omi kankan ò fọn fèrè, ajá pàápàá ò gbó. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì dé, ó ṣí yàrá aṣọ, ó bá a lófìfo.

"Aṣọ mi dà?"

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí sàréè tò lọ débi ògiri.

"Àwọn àlejò yín ló ń lò ó, sà. Ẹ má jí wọn."