Ìbọn Apẹfọ̀n Lọ sí Ijẹ̀gùn-Ẹ̀gbá

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí èmi àti Àǹtí Ṣọlá, ẹ̀gbọ́n mi, fi gbé ìbọn bàbá wa àgbà jáde nílé ní Festac. Nílé lọ́hùn-ún ní Òkè-Ògùn, ọdẹ a máa gbé ìbọn kọ́ èjìká gba àárín ọjà kọjá. Ẹ dán an wò l'Ékòó, kí gbogbo àdúgbò fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ! Lóòótọ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú báàgì mi, ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró kà á? Àǹtí bá wé e sínú aṣọ tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ fi ń kéde ìsọjí.

Ìbọn yìí ni wọ́n ní Bàbá àgbà fi pa ẹfọ̀n, tí wọ́n fi ń kì wá lọ́mọ apẹfọ̀n. Àwọn àna Àǹtí ń bọ̀ wá wo ìbọn náà ní Sátidé. Ó ti ra sáńpépà àti ọ̀dà sílífà tí yóò fi sọ ọ́ di tuntun. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó gbà pé ká kọ́kọ́ fi han ẹni tó mọ ìbọn.

A jẹ búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná ní Mile 2, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Awakọ̀ rí aṣọ ìsọjí.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan yẹn touch engine mi. Ó ń worry mi."

Àǹtí fi ẹnu ìbọn kan ẹ́ńjìnnì, ó gbàdúrà kíkankíkan. Kẹ̀kẹ́ náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kòtò àti ọkọ̀ epo ló kún ojú ọ̀nà.

Bọ̀dá Làmídì, ọdẹ àtijọ́ tó ń tún ìbọn ṣe ní Ijẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, fẹ́rẹ̀ẹ́ ké nígbà tí Àǹtí sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un.

"Sáńpépà kẹ̀? Ẹ ó ha orúkọ àwọn tó ṣe é dànù! Ta ló máa kà á sí mọ́?"

Ó ṣí i wò bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Kò sí. Ó kán epo díẹ̀ sí àkísà rírọ̀, ó rọra ń nù ún títí òǹtẹ̀ àwọn tó ṣe é ní ìlú ọba fi yọ lábẹ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀. Inú Àǹtí dùn. Bọ̀dá wá yẹ inú ọ̀pá náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹnì kankan ò yin ìbọn yìí rí. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán! Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó níyì."

"Ẹfọ̀n wá ńkọ́?" Àǹtí bèèrè.

"Bóyá ẹ̀rù ló pa á."

Ojú tì mí títí a fi dé Festac. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé kéèyàn máa rọra nu ohun tó ń buyì kún un.

Ìyá àgbà, ìyàwó Bàbá, jókòó sí pálọ̀. Àǹtí bú sẹ́kún.

"Mama, ìbọn yìí ò pa nǹkan kan rí!"

"Mo mọ̀," ni Ìyá àgbà wí. "Èmi ni mo ra ẹfọ̀n yẹn lọ́wọ́ ọdẹ mìíràn. Ọkọ mi ni. Ṣé kí n jẹ́ kó wọ̀lú lọ́wọ́ òfo ni?"